A Kì í Dákẹ́ Lórí Kànga

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló rán akọ̀wé wọn sí mi pé àwọn ń bọ̀ nílé mi, kí n bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe lè gbé ayé tó nítumọ̀ láìkánjú. Wọ́n ní èmi ló yẹ kí n sọ ọ́, nítorí gbogbo Ọjà-Ọ̀dàn ló mọ̀ pé n kì í kánjú. Mo ní kò burú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, bí mo sì ṣe ń rò ó ni ó túbọ̀ ń rú mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà bú mi lẹ́yìn: mi ò mọ̀ bóyá àìkánjú ló mú mi dé ibi tí mo dé, tàbí orí ló kàn gbè mí. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni mo mọ̀. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ̀yin tí ojú yín ṣì dá wò ó bóyá ẹ máa rí nǹkan mú níbẹ̀.

Kànga ni mo fi gbogbo ayé mi gbẹ́. Láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, àwọn kànga mi wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń pọnmi nínú wọn dòní. Bí mo ṣe débi iṣẹ́ náà ò ní ìtàn kankan. Ìwé ò wọ̀ mí lórí, bàbá mi sì mọ agbẹ́kànga kan ní Ìgbógìlà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àjàní. Ó mú mi lọ bá a, wọ́n jọ jẹ iṣu, ó sì padà sílé láìsí èmi. Ní ti ohun tí iṣẹ́ náà mú wọlé, ó bọ́ èmi, ó bọ́ ìyàwó, ó bọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Àjàní le. Kì í nani, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, wàá gbàgbé ohun tó o fẹ́ sọ. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rò pé dígà ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́, nítorí apá mi ti ń le nígbà náà, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rí i. Kò fún mi ní dígà. Ó mú mi jókòó sí ẹnu kànga kan tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́, ó na ìka sí ihò náà, ó ní iṣẹ́ mi ni pé kí n máa bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ kí ni. Ó ní ọ̀rọ̀ yòówù tó bá wá sí mi lẹ́nu.

"A kì í dákẹ́ lórí kànga," ló wí. "Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ dá wà."

Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan, bóyá ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu ni mo fi ṣiṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ àti káfíńtà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní èmi ni ọmọ iṣẹ́ aláròyé. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní òfin. A kì í sọ̀rọ̀ ikú sí kànga. A kì í bá ẹni tó wà nínú rẹ̀ jà, ohun yòówù kó ṣe. A kì í sọ̀rọ̀ wàdùwàdù, nítorí bí ẹnu ẹni tó wà lókè bá ti ń yára, ọwọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà á máa yára. Èyí tó le jù ni pé a kì í béèrè pé, "Ṣé o ti kan omi?" A kì í sì í béèrè pé ó kù bíi báwo. Mo béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá ò bá mi wí níbẹ̀. Ó kàn gbé mi kúrò lórí kànga, ó fi mí sílé pé kí n máa bá àwọn ìyàwó rẹ̀ bó ẹ̀gẹ́. Ìgbà tó sì mú mi padà, ó ní mo ti fi pàṣán na ẹni tó wà nísàlẹ̀, kí n má tún dán an wò.

Nítorí kí ni? Ó sọ ìdí kan fún mi: afẹ́fẹ́ burúkú máa ń wà nínú kànga mìíràn, bí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò bá dáhùn mọ́, ìgbà náà ni wàá mọ̀ pé kó o fa okùn. Ó ní ìdí kejì wà, pé mo máa rí i fúnra mi. Ọ̀gá kú kó tó sọ ọ́. Bóyá mo ti rí i, bóyá n kò tíì rí i, ẹ máa bá mi dá a lẹ́jọ́.

Òfin kan tún wà, ẹ fi í sọ́kàn nítorí ọ̀rọ̀ ṣì máa padà sí i. Bàbá Àjàní kì í gbẹ́ kànga lásìkò òjò. Ó ní òpùrọ́ ni omi òjò: wàá gbẹ́ díẹ̀, wàá kan omi, wàá máa jó, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ìsàlẹ̀ á gbẹ, o ò ní rí nǹkan kan àfi ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí omi ti sá lọ sí ibi tó lè sá dé, ìgbà náà ni kó o lọ bá a níbẹ̀. Bí oníkànga bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbẹ́ tòun lóṣù tí òjò ń rọ̀, ó máa ń ní kí ó lọ jókòó. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun ló máa ń fi lé wọn lọ.

Lámídì ni ọmọ iṣẹ́ àgbà. Òun ló máa ń wà nísàlẹ̀, èmi lókè. Ẹnu rẹ̀ dùn. Mo lè máa sọ nípa ewúrẹ́ kan tó jẹ aṣọ aládùúgbò, kí ó ti ìsàlẹ̀ dáhùn pé, "Sámù, ọ̀rọ̀ rẹ ò níyọ̀, tún un sè." Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá ihò àtẹ̀gùn lára ògiri kànga láìwolẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ni mo ṣe mú un, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ẹ̀gbọ́n tí a jọ bí lọ.

Kànga kan lẹ́yìn Ìgbógìlà ló pa á. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ilẹ̀ gbẹ. A ti fi ọjọ́ púpọ̀ gbẹ́ ẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni ò lé wa. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jókòó sẹ́nu kànga lọ́jọ́ náà, òun ló ń bá Lámídì sọ̀rọ̀, èmi ń da yẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣu tó fẹ́ gbìn ni ó ń sọ. Ògiri kan ya lápá kan, bẹ́ẹ̀ lásán, láìkìlọ̀, yẹ̀pẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn ọkùnrin àdúgbò sáré wá, a ń gbẹ́, a ń kó. Ọ̀gá ò kúrò lẹ́nu kànga. Ó ń bá Lámídì sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní iṣu náà, ẹ̀bá odò ló máa gbìn ín sí, ó ní òun á fún un ní ebè mélòó kan kó lè fi gbéyàwó. Ohùn rẹ̀ ò yára rárá. Gbogbo wa ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa dáhùn, àwọn kan ní kí wọ́n gbé bàbá kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè sún mọ́ ọn. Ìgbà tí a gbé Lámídì jáde ni ó tó pa ẹnu mọ́. Mo sunkún títí omi ojú mi fi gbẹ.

Mo bi í léèrè lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé a kánjú ni?"

Ó ní, "A ò kánjú."

Mo ní kí ni a wá ṣe tí kò dáa. Ó ní kò sí. Ó dìde, ó lọ wo àwọn okùn rẹ̀. Ẹ wò ó, láti ìgbà náà ni nǹkan ti dàrú mọ́ mi lójú. Bí sùúrù ò bá gba Lámídì là, kí ni sùúrù wà fún? Síbẹ̀ mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo gba òmìnira, mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tèmi, mo sì gbé gbogbo òfin ọ̀gá lé wọn lórí bí wọ́n ṣe gbé e lé mi lórí: ẹ má dákẹ́, ẹ má béèrè, ẹ má gbẹ́ lójò. Bí wọ́n bá bi mí nítorí kí ni, mo máa ń wò wọ́n bí ọ̀gá ṣe ń wò mí. Ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ayé ń yí, irinṣẹ́ náà ń yí. Ọkọ́ àti dígà la bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ríǹgì oníkọnkéré dé, tí a ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga kí ògiri má baà ya. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ríǹgì, mo rántí Lámídì, mi ò lè jẹun. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ńlá tó ń gbẹ́ bóhòólù dé, yóò ké gbì-gbì-gbì láti àárọ̀, kí ó tó dalẹ́ omi ti ń tú jáde. Kò sí ẹni tó wà nísàlẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó máa ń pè mí ò pè mí mọ́, orúnkún mi náà sì ti ń bẹ̀ mí. Mo kó okùn mi kọ́ sára ògiri, mo di Bàbá tó ń jókòó síwájú ilé.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa.

Ẹ̀yin náà rántí. Ìrẹsì ò wọlé mọ́, ọjà Ọjà-Ọ̀dàn dákẹ́, ìjọba sì tún ní kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn ilé-epo tó sún mọ́ bọ́dà. Pẹtiróòlù di ohun tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé pamọ́ bí ẹni gbé òkú. Àbúrò mi obìnrin, Abígẹ́ẹ̀lì, ọmọ ìyá mi tó tẹ̀lé mi, fùfú àti láfún ló ń ṣe. Ẹni tó bá ń rẹ ẹ̀gẹ́ mọ bí omi ṣe ń lọ nídìí rẹ̀. Bóhòólù tó wà ládùúgbò wọn, jẹnẹrétọ̀ ló ń fà á. Epo tán, omi tán. Ẹ̀gẹ́ ń jẹrà sílẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ kọ́ ló ń dun Abígẹ́ẹ̀lì. Káyọ̀dé ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Káyọ̀dé ti fi alùpùpù ṣe fàyàwọ́ rí, ó ń gba ọ̀nà inú igbó kó ìrẹsì wọlé, títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi já sódò pẹ̀lú ẹrù lórí alùpùpù, tí omi sì gbé e lọ. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà gbà, ó jókòó ti iṣẹ́ fùfú. Bọ́dà tí wọ́n wá tì yìí sọ ẹrù inú igbó di ohun tí èrè rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń wá a wá sílé. Abígẹ́ẹ̀lì wá kúnlẹ̀ síwájú mi. "Bọ̀ọ̀dá," ló wí, "bí n kò bá rí omi, ọmọ yìí máa padà sínú igbó. Ẹ gbẹ́ kànga fún mi."

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń kù lórí páànù. Mo ní kí ó ní sùúrù kí ẹ̀ẹ̀rùn dé, pé òpùrọ́ ni omi òjò, pé orúnkún mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n màá wá ẹni tó máa gbẹ́ ẹ dáadáa. Àbúrò mi dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ó ní kò burú. Obìnrin tó bá sọ pé kò burú báyìí, ẹ mọ̀ pé ó ti burú.

Ó ku díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà parí ni mo gbọ́ pé Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ ti ń gbẹ́ kànga náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tájù. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n máa gbẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ wọn lọ. Mo jókòó, ìjókòó ò gbà mí. Mo mú okùn mi lára ògiri, mo mú àpótí ìjókòó mi, mo lọ. Ẹ bi mí pé kí ni mo ń lọ ṣe níbi iṣẹ́ tí mo ti ní mi ò lọ́wọ́ sí. N kò mọ̀ títí di òní.

Mo bá Káyọ̀dé nísàlẹ̀, Tájù lókè tó ń tẹ fóònù, Abígẹ́ẹ̀lì lẹ́nu kànga tó ń béèrè pé, "Ṣé ẹ ti kan omi?" Mo ní kó lọ sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo sọ okùn sísàlẹ̀, mo ní kí Káyọ̀dé so ó mọ́ abẹ́ apá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì so ó láti fi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo gbé àpótí mi kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ àtijọ́ tó jẹ aṣọ aládùúgbò. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Tájù rò pé ọpọlọ mi ti ń ya díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n kan omi kíá, bí omi òjò ṣe máa ń ṣe, omi náà sì pọ̀ débi pé Káyọ̀dé ò lè gbẹ́ jìn sí i. Tájù lọ yá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fa omi, ó rí epo díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rí i. Okùn rọ́bà ẹ̀rọ náà ò gùn tó, nítorí náà wọ́n to pákó sínú kànga ní ìwọ̀n gígùn apá ènìyàn sí ẹnu rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e, wọ́n sì tàn án. Mo ń wò wọ́n. Nígbà tiwa, kò sí ẹ̀rọ tó wọ kànga rí, kí ni mo fẹ́ mọ̀? Omi ń jáde, Abígẹ́ẹ̀lì ń pàtẹ́wọ́.

Ìṣòro tèmi ni pé mi ò gbọ́ Káyọ̀dé mọ́. Ẹ̀rọ náà ń pariwo. Mo ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń dáhùn. Mo ní kí Tájù pa ẹ̀rọ. Ó ní Bàbá, títan rẹ̀ le, omi ò tíì tán. Mo ní kí ó pa á, mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ó wo Abígẹ́ẹ̀lì. Abígẹ́ẹ̀lì, tó ti ń bínú sí mi láti ọjọ́ òjò yẹn, wò mí lójú, ó sì ní, "Pa á."

Tájù dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́, ó pa á. Ibi gbogbo dákẹ́. Mo ní, "Káyọ̀dé, ewúrẹ́ yẹn tún ti dé o." Kò dáhùn. Mo tún un sọ. Kò dáhùn.

Mo fa okùn. Tájù fà á, Abígẹ́ẹ̀lì fà á, àwọn aládùúgbò fò wá. A ń fà á bọ̀ lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, orí rẹ̀ sùn sí èjìká. Èmi ò dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ iṣu ló jáde lẹ́nu mi. Iṣu tí màá gbìn sẹ́bàá odò. Ìyá rẹ̀ ń ké orúkọ Jésù, èmi ń sọ̀rọ̀ iṣu.

Ó bì. Ó mí. Àwọn tó wà ní ọsibítù ní èéfín ẹ̀rọ náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ bá a, pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Gbogbo ìlú wá ń yìn mí pé àgbà gbọ́n, àgbà mọ̀ nípa èéfín. Mi ò mọ nǹkan kan nípa èéfín. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ nítorí pé ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbọ́ èsì ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó dà mí láàmú jù. Nígbà tí ara Káyọ̀dé yá, ó fi garawa gbọ́n omi, ó parí kànga náà ṣáá, lójò. Èmi ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilẹ̀ là, kànga tí mo gbẹ́ sílé ara mi fà sẹ́yìn débi pé okùn rẹ̀ ò tó mọ́. Kànga òjò Abígẹ́ẹ̀lì kò gbẹ. Kò gbẹ lọ́dún yẹn, kò gbẹ lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣí bọ́dà padà, kò gbẹ. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń pọnmi báyìí. Abígẹ́ẹ̀lì kì í sọ nǹkan kan, ó kàn máa ń bi mí pé ṣé omi náà dùn. Káyọ̀dé ò padà sínú igbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, èwo ni kí n sọ fún yín? Ibi tí a ti ṣe sùúrù, ilẹ̀ ya. Ibi tí wọ́n ti kánjú, omi dùn. Nínú òfin tí ọ̀gá mi fún mi, òmíràn kò rí bó ṣe sọ ọ́, òmíràn gba ọmọ wa là, mi ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó kú. Ká ní mo ti mọ èyí tó ṣe pàtàkì, ǹ bá ti ju ìyókù nù.

Mo bi Káyọ̀dé lọ́jọ́ kan pé nígbà tí ẹ̀rọ náà ń pariwo, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ṣé ó ń gbọ́ ohun tí mo ń sọ lókè.

"Rárá, Bàbá," ló wí. "Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Mo kàn ń rí òjìji yín lẹ́nu kànga. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì lọ."

Ojú mi ti ń ṣókùnkùn báyìí, orúnkún ti kọ̀ pátá, n kì í jìnnà sí ibùsùn mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Káyọ̀dé bá ti rẹ ẹ̀gẹ́ ọjọ́ náà sómi tán, ó máa ń gbé àpótí ìjókòó mi àtijọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Yóò sọ ti ẹ̀gẹ́, yóò sọ ti Tájù tó fẹ́ gbéyàwó, yóò sọ ti ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò níyọ̀. Àwọn mìíràn tó ń wá kí mi máa ń béèrè pé báwo ni ara, ṣé ẹ ti ń gbádùn, kí ni dókítà wí. Káyọ̀dé kò bi mí rí pé ó kù bíi báwo. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èmi náà ń dá a lóhùn.